Àpótí Ayípo Ojú Fèrèsé Mi

Ọ̀sán gangan ni wọ́n wá. Mo ń sọ èyí níbẹ̀rẹ̀ nítorí pé gbogbo ẹni tí mo bá ròyìn rẹ̀ fún ló máa ń rò pé òru ni. Ọjọ́ ọjà Pobè ni, oòrùn mú, bùtíìkì mi sì wà lẹ́bàá títì tí ọkọ̀ Sakété ń gbà wọlé, níbi tí ẹsẹ̀ èèyàn kì í dá. Ọkùnrin méjì ló wọlé. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn kí mi dáadáa. Ó ní, "Ẹ kú ọjà, tàǹtí." Ó bi mí léèrè àlàáfíà ilé, ó sì ní kí n bá òun mú odindi páálí mílíìkì kan wá láti ẹ̀yìn. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn lọ. Nígbà tí mo gbé páálí dé, ẹnì kejì rẹ̀ ti ń kó gbogbo ohun tó wà nínú àpótí onígíláàsì tí a ń pè ní fitirínì sínú àpò. Mo lọgun. Ẹni tó kí mi yẹn ló tì mí ṣubú. Ọwọ́ ọ̀tún mi ló kọ́kọ́ balẹ̀, ó sì kán ní ọrùn-ọwọ́.

Ohun tí wọ́n kó lọ kò tó ohun tí èèyàn ń sunkún lé lórí títí. Káàdì ìpè, ìpara, agogo ọwọ́ díẹ̀, sàdíìnì. Ìkíni ọkùnrin yẹn ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Ó bi mí léèrè àlàáfíà ilé, mo sì dá a lóhùn pé a dúpẹ́. Fún gbogbo àkókò tí ọwọ́ mi fi wà nínú ohun funfun líle tí wọ́n fi dì í ní ilé ìwòsàn, bí ẹnikẹ́ni bá kí mi, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó dáhùn.

Opó ni mí. Ọdún mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ náà ni ọkọ mi ti kú. Ọmọ méjì ni a bí: ọkùnrin wà ní Libreville, obìnrin wà ní Kútọnu pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Obìnrin yìí ló wá tọ́jú mi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ tó fẹ́ padà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ ti ibí yìí pa. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa."

"Kí n wá máa ṣe kí ni níbẹ̀?"

"Kí ẹ wá sinmi."

Mo mọ irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Mo ti lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ nígbà tó bímọ. Ilé òkè ni, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí aṣọ tí ará ilé kejì sá, gbogbo èèyàn á sì jáde láàárọ̀, wọn ò ní padà títí oòrùn á fi wọ̀. Mo sọ fún un pé màá tún bùtíìkì mi ṣe lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè fọwọ́ kàn mí níbẹ̀ mọ́. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ìbínú lásán ni. Ó fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì wọkọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìbínú kọ́. Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá mi a máa mú mi dání lọ sí Àjàṣẹ́ láti ra ìpara kan tó ń fi sí orúnkún. Àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ Ọlọ́run ló ń ṣe é, àwọn tí kì í jáde síta, tí aráyé kì í rí ojú wọn. Wọ́n kọ́ àpótí onígi kan sínú ògiri ilé wọn. Ó rí roboto bí àgbá, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo rẹ̀ ló ṣí. Ìyá mi á fi owó sínú rẹ̀, á sọ ohun tó fẹ́ sí ara igi, àpótí náà á yí lọ sínú, á sì tún yí padà síta pẹ̀lú ìgò kékeré kan nínú rẹ̀. Mi ò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí. Ohùn kan ṣoṣo ni mo máa ń gbọ́ tó ń sọ pé ó dàbọ̀, ohùn tó tutù, tó sì jìnnà bí ẹni pé ìsàlẹ̀ kànga ló ti ń bọ̀. Ẹ̀rù ohùn yẹn máa ń bà mí, mo sì máa ń di ìró ìyá mi mú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọwọ́ mi kán, àpótí yẹn ni mo ń rò lójoojúmọ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà ní Sakété tó ti bá ọkọ mi ṣe àga àti tábìlì rí. Ọmọ ìlú Yoko ni, ọkùnrin gíga tó máa ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nídìí iṣẹ́. Mo lọ bá a, mo fi ọwọ́ òsì ya àwòrán ohun tí mo fẹ́ sórí ìwé. Ó wò ó títí.

"Ta ló máa wọ inú rẹ̀?" ó bi mí.

"Kò sí ẹni tó máa wọ inú rẹ̀. Ọjà ni."

"Ọjà lẹ fẹ́ kó máa pòòyì báyìí?"

Mo ṣàlàyé fún un. Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó fi pẹ́ńsùlù sẹ́yìn etí, ó ní kí n fi ìwé náà sílẹ̀ fún òun. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ló pè mí lórí fóònù pé ó ti yé òun, àti pé òun máa fi ohun tí èmi kò rò kún un.

Iṣẹ́ náà, tí a ń ṣe sí ojú fèrèsé tó kọjú sí títì, kò tètè parí. Àpótí àkọ́kọ́ fúyẹ́ jù, bí a bá ṣe tì í ló ń yí lọ wìrìwìrì, ẹyin mẹ́rin tí a fi dán an wò sì fọ́ mọ́ ara igi. Ó lọ fi irin wúwo sí ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rò ó pé ẹnì kan lè ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti ìta kó sì máa yí i fúnra rẹ̀. Ó wá ṣe irin kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. Àyàfi bí mo bá fi ẹsẹ̀ tẹ irin yìí ni àpótí á tó ṣeé yí. Ó fi pákó dá inú àpótí sí méjì, ó sì gé ojú kékeré sí àárín pákó náà, ó fi gíláàsì tó nípọn dí i, kí n lè rí ohun tí wọ́n bá gbé síbẹ̀ kí n tó yí i.

Fitirínì ńkọ́? Ó gbé òun náà sínú ògiri lókè àpótí, gíláàsì rẹ̀ kọjú sí títì, ọ̀pá irin sì wà níwájú gíláàsì. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú gbogbo ohun tí mo ń tà ló wà níbẹ̀: ọṣẹ, àbẹ́là, ìṣáná, tòmátì alágolo, káfé, ṣúgà. Ó fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sí abẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan á pe nọ́ńbà. Nínú lọ́hùn-ún, níbi tí mo jókòó sí, ó ṣe ọ̀nà pẹlẹbẹ tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ fún àwọn agolo. Bí mo bá mú ọ̀kan nísàlẹ̀, èyí tó wà lẹ́yìn á yí gbirigbiri wá bọ́ sí àyè rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ohun tó sọ pé òun máa fi kún un. Inú rẹ̀ dùn sí i ju gbogbo ìyókù lọ.

"Tàǹtí," ó wí nígbà tó parí, "olè tó bá fẹ́ jí nǹkan níbí, àfi kó gbé ilé náà lọ."

Ó rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀ títí. Ọjọ́ Ìsinmi bíi mẹ́ta lẹ́yìn náà, bó bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, á gun alùpùpù rẹ̀ wá láti Sakété, á dúró síta, á ní kí n jọ̀wọ́ yí i kí òun gbọ́ ìró rẹ̀.

Mo ti ilẹ̀kùn iwájú pa, mo fi àgádágodo méjì sí i. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, láti inú àgbàlá, ni mo ń gbà wọlé.

Òótọ́ ni pé olè kò wá mọ́. Àwọn oníṣòwò mélòó kan wá wò ó láti Sakété, ọ̀kan tilẹ̀ ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà náà ṣe irú rẹ̀ fún òun. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ bí eré, wọ́n á máa pe nọ́ńbà tí wọn ò ní í rà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò fẹ́ràn rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá wá ra ọṣẹ lè lo wákàtí kan. Á sọ ti ọmọ rẹ̀, á sọ ti ìyàwó ọmọ rẹ̀, á gba omi mu. Nísinsìnyí, nọ́ńbà ni wọ́n ń pè. Mo máa ń gbọ́ "méje," mo máa ń gbọ́ "mẹ́sàn-án ẹyọ méjì," lẹ́yìn náà ìró bàtà tó ń lọ.

"Ṣé wọ́n tì yín mọ́lé ni?" obìnrin kan bi mí lọ́jọ́ kan.

"Èmi ni mo ti ara mi mọ́lé," mo fèsì. Mo fẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ bóyá ó rẹ́rìn-ín.

Obìnrin tó ń ta gàrí ní òdìkejì títì ni ọ̀rẹ́ mi. Ó ti tó ogún ọdún tí a ti jọ ń jẹun ọ̀sán. Ó wá lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn tí wọ́n parí iṣẹ́ náà, ó dúró síta, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ojú àpótí. Ní ìgbà kejì, ó dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ó ní, "Mi ò lè máa bá igi sọ̀rọ̀." Mo sọ fún un pé kó gba ẹ̀yìn wọlé. Ó ní ta ni yóò máa wo gàrí òun bí òun bá gba ẹ̀yìn lọ? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Láti ibi tí mo jókòó sí tẹ́lẹ̀, a jọ máa ń wo ọjà ara wa ni. Kò wá mọ́, èmi náà kò sì sọdá lọ bá a. Mo sọ fún ara mi pé òun ló bínú. Òun náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ fún mi lẹ́yìn náà, rò pé èmi ni.

Mo wá ń fi ọwọ́ dá èèyàn mọ̀. Fèrèsé náà ga, ọjà inú fitirínì dí òkè rẹ̀, àpótí náà sì fẹ̀, nítorí náà ohun tí mo máa ń rí kò ju ọwọ́ lọ láti ojú gíláàsì kékeré yẹn. Mo mọ ọwọ́ aránṣọ tí abẹ́rẹ́ ti gún ní ìka lọ́pọ̀ ìgbà. Mo mọ ọwọ́ ìyàwó tíṣà tó ń kun èékánná ní àwọ̀ ewé. Bí òjò bá ń rọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò wá, màá jókòó, màá máa mú agolo kan kúrò nísàlẹ̀ kí n lè gbọ́ bí èyí tó kù ṣe ń yí bọ̀, màá sì tún gbé e lọ sókè. Ọmọ mi obìnrin máa ń pè láti Kútọnu, á ní, "Màmá, ọkàn mi balẹ̀ báyìí." Mo máa ń sọ pé ọkàn tèmi náà balẹ̀.

Ó tó oṣù mẹ́ta tí àpótí ti ń ṣiṣẹ́ kí ọwọ́ kan tí mi ò mọ̀ tó wọ inú rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni, ọwọ́ àgbàlagbà, awọ rẹ̀ ti hunjọ. Ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò dé ìdajì, ó sì parí síbẹ̀.

"Mẹ́tàlá," ohùn kan wí.

Mẹ́tàlá ni bísíkí. Mo fi sí i, mo tẹ irin, mo yí i.

"Ẹ ṣé o, ìyá inú ilé."

Ó ń sọ̀rọ̀ bí àwọn ará Ohori, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo, kì í sì í kánjú. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì nígbà tí agogo ilé ẹ̀kọ́ lù, ó tún ra bísíkí kan. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tó pẹ́, bí agogo bá ti lù, bísíkí á ti wà lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ kan, àpótí yí padà sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ọsàn méjì nínú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbàgbé ọsàn yín síbí."

"Mi ò gbàgbé. Tiyín ni."

Kí n tó dúpẹ́, ó ti lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo yan ẹ̀pà, mo wé e sínú ìwé, mo fi lé orí bísíkí rẹ̀. Láti ìgbà náà, kì í wá lọ́wọ́ òfo. Góbà ni, ilá tútù ni, ẹyin awó mẹ́ta ni lọ́jọ́ kan, ó fi ewé gbígbẹ dì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rọra sọ pé kí n má ṣe yí i kíákíá.

A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó lè sọ pé òjò yóò rọ̀, pé wọ́n ń tún títì ṣe. Ní àárọ̀ kan ó bi mí pé, "Ọwọ́ yín ńkọ́?"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ọwọ́ ń dùn mí?"

"Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, àpótí yín máa ń pẹ́ kó tó yí."

Kò sí ẹlòmíràn tó kíyè sí i. Àwọn ọmọ mi kò mọ̀, torí pé mi ò sọ fún wọn.

Èèyàn lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò jáde lọ wo ojú rẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà. Mo máa ń sọ fún ara mi pé kí n tó gba àgbàlá yí ká, á ti lọ. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò gbìyànjú. Mo rò pé bí mo bá rí ojú rẹ̀, màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí mo ṣe ń wo gbogbo èèyàn, bóyá ó fẹ́ ṣe mí ní nǹkan. Ọwọ́ rẹ̀ ti tó fún mi.

Ó ju ọdún kan tí a fi ń ṣe báyìí. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kejì, agogo lù ní àárọ̀ kan, kò wá. Mo fi ẹ̀pà sílẹ̀ lórí bísíkí títí di ọ̀sán. Kò wá lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn oníbàárà.

"Ẹ dákun, ṣé ẹ mọ bàbá kan tí ìka rẹ̀ kan kúrú?"

"Kí ni orúkọ rẹ̀?" aránṣọ bi mí.

"Mi ò mọ̀."

"Ó ga ni àbí ó kúrú? Ó pupa ni?"

Mi ò mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Aránṣọ ní kí n fún òun ní nọ́ńbà mẹ́rin, ó sì gba ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ojú tì mí débi pé mi ò bi ẹlòmíràn mọ́ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì mo ti ibi iṣẹ́ pa, mo gba ẹ̀yìn jáde, mo sọdá títì lọ bá ọ̀rẹ́ mi oní-gàrí. Ó rí mi tí mò ń bọ̀, ó ń wọn gàrí fún ẹnì kan, kò gbé ojú sókè títí ẹni yẹn fi lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́," mo wí.

"Ó ti di 'ẹ' láàárín àwa méjèèjì?"

Mo jókòó tì í. Mo bi í nípa bàbá náà. Ó kàn ń wò mí.

"Bàbá kúkúrú tó ń wọ fìlà aláwọ̀ igi yẹn? Tó máa ń gba ibí yìí kọjá láàárọ̀? Odindi ọdún lo fi ń tajà fún un, o ò mọ̀ ọ́n?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ni mo mọ̀."

Ó mi orí. Ó sọ fún mi pé yàrá kan ni bàbá náà ń gbé lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ó ti ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń fọ́ èkùrọ́ nígbà kan, ẹ̀rọ yẹn ló gé e ní ìka. Ìyàwó rẹ̀ kú ní ọdún tó kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wá wú, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì wá gbé e lọ sí Issaba. "Ó wá dúró níwájú ilé rẹ kí wọ́n tó lọ," oní-gàrí wí. "Ọjọ́ Ìsinmi ni, o ti tì í pa. Ó kan igi yẹn díẹ̀, ó sì lọ."

Ọ̀rẹ́ mi bu omi fún mi. A jókòó báyìí fún ìgbà pípẹ́, ó sì sọ fún mi pé òun rò pé mi ò fẹ́ rí òun mọ́ ni.

Ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà mo gun alùpùpù akérò tí a ń pè ní sẹ́mijàn lọ sí Issaba. Ilẹ̀ ọ̀hún dúdú, amọ̀ rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ti ràn lọ́jọ́ méjì, ọ̀nà ṣeé gbà. Wọ́n júwe ilé fún mi. Ọkùnrin kékeré kan jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí àpótí. Mo wo ọwọ́ òsì rẹ̀ kí n tó wo ojú rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá."

Ó gbé orí sókè. Ó dijú.

"Ẹ tún un sọ."

"Ẹ kú ìjókòó."

"Ìyá inú ilé," ó wí. Ó lajú. "Mo rò pé ẹ tínrín ni."

Ọmọ rẹ̀ gbé àga fún mi. Obìnrin bí ẹni ogójì ọdún ni, àgbẹ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀. Mo gbé bísíkí jáde nínú àpò mi, odindi páálí, mo gbé e fún un. Ó wo bàbá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wọlé, ó sì gbé garawa kan jáde. Bísíkí ló kún inú rẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan wà nínú ọ̀rá rẹ̀, kò sí èyí tí wọ́n já.

"Yàrá wọn ní Pobè la ti kó o," ó sọ. "Bàbá mi kì í jẹ bísíkí. Wọn ò léyín tí wọ́n máa fi jẹ ẹ́. A rò pé wọ́n ń kó o jọ fún àwọn ọmọ ni."

Bàbá náà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo yí tèmi náà. Lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ padà sídìí iná, a kàn jókòó. Mo wo irùngbọ̀n rẹ̀, mo wo ojú rẹ̀ tó pọ́n díẹ̀, àjèjì pátápátá ló jọ lójú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá kí n máa lọ.

"Ẹ yí àga yín," ó wí.

"Síbo?"

"Kí ẹ kọjú sí ibi tí mo kọjú sí. Bí ẹ bá ń wò mí, mi ò lè sọ̀rọ̀."

Mo yí i. A jọ ń wo àgbàlá, àwọn adìẹ, àgbàdo tí wọ́n sá sórí ẹní. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ìyàwó rẹ̀. Ó ní lẹ́yìn tó kú, òun lè wà láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì láìla ẹnu. Ó ní òun kíyè sí i lọ́jọ́ kan pé ohùn òun ti ń há. Òun wá rò ó pé ibi tí wọ́n á ti fi dandan gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu òun ni kí òun máa lọ. Nínú gbogbo bùtíìkì ìlú, èèyàn lè na ọwọ́ sí ohun tó bá fẹ́ láìsọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ mi nìkan ni èèyàn kò ti lè rí nǹkan gbà àfi tó bá sọ̀rọ̀.

Èmi náà sọ ti ọjọ́ ọjà yẹn fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ìkíni ọkùnrin yẹn, páálí mílíìkì, bí egungun ṣe dún. Mi ò tíì sọ ọ́ tán fún ẹnikẹ́ni rí. Kò dá mi dúró.

"Ó burú pé ó kí yín," ó wí.

Ìyẹn nìkan ló sọ. Mo sunkún, kò sì wò mí.

Mo lọ lẹ́ẹ̀mejì sí i ní oṣù yẹn. Ní Pobè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ilẹ̀kùn iwájú lẹ́yìn ọ̀sán, nígbà tí ọ̀rẹ́ mi bá ní ẹni tó máa bá a wo gàrí. Á wá jókòó tì mí díẹ̀. Bó bá ti dìde, mo máa ń ti ilẹ̀kùn pa. Mi ò yọ àpótí kúrò. Láàárọ̀, títí di òní, nọ́ńbà ni wọ́n ń pè. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, mi ò sì fẹ́ purọ́ nípa ìyẹn.

Lẹ́yìn náà òjò ńlá dé, ọ̀nà Issaba bàjẹ́. Lẹ́yìn òjò, ibà dá mi dùbúlẹ̀, mo sì lọ lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní Kútọnu lọ́dọ̀ ọmọ mi. Nígbà tí ara mi yá, mo ra ẹja gbígbẹ tó rọ̀, èyí tí ẹni tí kò léyín lè jẹ, mo sì lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣófo. Ọmọ rẹ̀ jáde, ó rí mi, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Wọn ò sọ fún yín?"

Ta ni ì bá sọ fún mi? Wọ́n ti sin ín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Wíwú ẹsẹ̀ yẹn ló gun òkè dé ọkàn rẹ̀, bó ṣe sọ ọ́. Ó ní àwọn pe gbogbo ẹbí, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá láti Pobè, ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ èkùrọ́ wá láti Sakété. "A ò mọ ibi tí a ó ti rí yín," ó wí. "Wọn ò fún wa ní nọ́ńbà yín." Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò fún bàbá náà ní nọ́ńbà fóònù mi rí. Kò wá sí mi lọ́kàn.

Ó mú mi lọ wo ibojì náà lẹ́yìn ilé. Yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ti ń sán. A dúró níbẹ̀. Ó bi mí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ohun tí mo jẹ́ sí bàbá òun, torí pé àwọn ìyá àgbà ilé ń béèrè. Mo ní oníbàárà mi ni. Ó mi orí bí ẹni pé ó gbà á, ṣùgbọ́n mo rí i pé ìdáhùn náà kò tó o. Ó gba ẹja náà, ó gbàdúrà fún mi, ó sì sìn mí dé ojú ọ̀nà.

Nígbà tí èmi àti ọlọ́kọ̀ alùpùpù ń padà bọ̀, ojú ọjọ́ ṣú kí a tó dé ìdajì ọ̀nà. Òjò díẹ̀ rọ̀, amọ̀ sì dí ẹsẹ̀ alùpùpù náà pa. Ọlọ́kọ̀ sọ̀ kalẹ̀, èmi náà sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi igi họ amọ̀ kúrò lára táyà. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan ni. Ó ti rí i pé ojú mi pọ́n.

"Tàǹtí, ṣé ọ̀fọ̀ lẹ lọ kí?"

"Ọ̀fọ̀ ni."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ̀gbọ́n yín ni?"

"Rárá."

Ó dúró de ìyókù ọ̀rọ̀ náà. Mo wá gbogbo ohun tí èèyàn ń jẹ́ sí èèyàn, mi ò rí èyí tó bá a mu.

"A máa ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀," mo wí.

Ó ní ó mà ṣe o. Ó tún họ amọ̀ díẹ̀, a sì jọ ti alùpùpù náà lọ síbi tí ilẹ̀ ti le.